Tíìkì kan ṣoṣo

Àná ni mo tó gbóhùn ẹ̀gbọ́n mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló dá wa sílẹ̀ lórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí, oníkálukú ń gbèjà ẹni tó fẹ́ dìbò fún, ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, ni mo bá jáde níbẹ̀. Bí mo ṣe wá gbọ́ lálẹ́ àná pé wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò wọn, àyà mi já, mo pè kò wọlé, mo tún pè kò wọlé, mo fi voice note ránṣẹ́, tíìkì kan ṣoṣo ló ń hàn. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo tíìkì yẹn fún bíi wákàtí méjì.

Nígbà tí tíìkì yẹn di méjì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. “Àbúrò mi, inú ilé la wà, a ti tilẹ̀kùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa.” Ẹkún ni mo bú sí o. A ò tiẹ̀ dárúkọ olóṣèlú kankan, wọ́n kàn ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

A ti jọ fẹnu kò báyìí, láràárọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á fi “mo wà o” ránṣẹ́. Tiwọn ti wọlé láàárọ̀ yìí.