Inú Ẹṣin Ni Mò Ń Kọ́, Kì í Ṣe Ẹ̀yìn Rẹ̀

Nígbàkígbà tí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé ìmọ̀ nípa ẹṣin àti ìtọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbájú mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé ó di dandan kí ènìyàn lọ sí yunifásítì kí ó tó lè gun ẹṣin ni. Àbúrò bàbá mi kan tilẹ̀ béèrè bóyá Ojúde Ọba ni mò ń múra sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ ọmọ Àkúrẹ́ ni wá, a kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Mi ò bínú, torí ẹ̀yìn ẹṣin, níbi tí àwọn ẹni iyì ń jókòó sí, ni ojú wa mọ̀ jù lọ. Inú ẹṣin àti pátákò rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà dá lé.

Ẹṣin ń jẹ koríko bíi màlúù, ṣùgbọ́n kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kò sì tóbi: nǹkan bíi lítà 8 sí 15 ni ó ń gbà, nínú ẹranko tí ó lè wọn kílò 400. Ìfun ńlá tí ó wà lẹ́yìn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń bá a ṣiṣẹ́ lórí koríko náà. Èyí tí ó tún wá burú ni pé ẹṣin kì í lè bì. Ohun tí ó bá ti gbé mì ti wọlé nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da àgbàdo rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún ẹṣin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó gùn ún ní Sátidé, wàhálà ni ó ń rà. Ẹṣin náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, kí ó máa bojú wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa yí gbirigbiri nílẹ̀ nítorí inú rírun. Oúnjẹ oníhóró tí ó pọ̀ jù yìí kan náà lè dá ìrora sínú pátákò, débi pé ẹṣin kò ní lè tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò máa wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ wà nínú agbada oúnjẹ.

Ìdí wà tí ẹṣin kò fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Eṣinṣin tsetse, tí ó fẹ́ràn igbó àti etí odò, ń gbé àrùn kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá àìsàn oorun tí ó ń ṣe ènìyàn. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin gbẹ, kí ó rù, kí ó sì kú. Àwọn Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jẹ gàba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, ṣùgbọ́n láti òkè, níhà Àríwá, ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, agbára àwọn ẹlẹ́ṣin wọn a sì rọ̀ bí wọ́n bá ti dé etí igbó tiwa.

Ohun tí mo rí kọ́ nípa pátákò, ọ̀dọ̀ Alàájì kan tí ó ń fi ẹṣin rẹ̀ háyà fún àwọn olóde ní Àkúrẹ́ ni mo ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó kọjú sí ìdí ẹṣin, ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra fún iṣan tí ó wà lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀, ẹṣin náà sì gbé ẹsẹ̀ fún un láìjà. Ó fi irin kékeré tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọ́ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kúrò, ó gbọ́ òórùn ìka ara rẹ̀, ó ní, “Dókítà, ẹ wá gbọ́ ọ. Ó ti fẹ́ máa jẹrà.” Ilẹ̀ tí ó tutù ní ibùsùn ẹṣin ló fà á, ẹ sì mọ bí òjò wa ṣe máa ń rọ̀ ní oṣù kẹfà. Alàájì kan náà kì í jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá ẹṣin rẹ̀ níta, ìwé mi sì gbè é lẹ́yìn: àwọn kòkòrò wínníwínní tí ó ń tan àrùn ẹṣin ti ilẹ̀ Áfíríkà kálẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹran jù.

Ní yunifásítì Kentucky, ní ìlú Lexington ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè gba oyè lórí ẹṣin nìkan, kí ó kọ́ ìṣirò owó àti òfin okòwò mọ́ ọn, torí iṣẹ́ ajé ńlá ni ẹṣin sísáré jẹ́ níbẹ̀. Níhìn-ín, abẹ́ ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn ni ẹni tí ó bá nífẹ̀ẹ́ sí i yóò gbà wọlé. Ọdún 5 ni, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀, èyí tí mo gbà pé ó tọ́, nítorí àwọn ni ìlú ń jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa gún ẹṣin lábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ẹ̀kọ́ dókítà ẹran ni kí ó lọ kọ́, ọdún 6 sì ni ìyẹn.

Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn báyìí ni koríko gbígbẹ. Ẹṣin tí ó wọn kílò 300 nílò oúnjẹ gbígbẹ tí ó tó kílò 6 lóòjọ́, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ koríko. Eèsún kún etí ọ̀nà wa láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gé nígbà òjò máa ń bu kí ó tó gbẹ, koríko tí ó sì ti bu lè ba ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin jẹ́. Mò ń gbèrò láti fi sísá rẹ̀ sórí àká onípáànù, lókè iná tí kò le, ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní ìlú Oǹdó bá ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi nísàlẹ̀ yìí kí n tó fún olùkọ́ mi ní àkọlé iṣẹ́ náà.