Bí Wọ́n Bá Sọ Ọmọ Yín Ní Àjàní, Ẹ Bèèrè Ìjà Tí Wọ́n Jà

Nílùú Ìlọrin, ààfáà ló ń pe orúkọ mùsùlùmí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ yẹn náà ló sì ń wọ ìwé ẹ̀rí ìbí. Ẹnu àwọn ìyá àgbà ni oríkì wà. Bí wọ́n bá lọ, ó di àwátì. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí: ẹ bèèrè oríkì àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àjàní ni ìyá mi sọ ọmọkùnrin mi. Ọmọ tí a jà kí a tó ní ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àjàgbé àti Àjàmú bá a tan, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti kùmọ̀. Ó lè jẹ́ ti àìsàn, ti àìtètèrọ́mọbí, tàbí ti ẹbí tó ní àwọn ò fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Orúkọ kì í sọ èyí tó jẹ́, àfi ẹni tó sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí màámi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní, "Màámi, ìjà wo lẹ jà lórí Àjàní?" Wọ́n ní lóru tí ìyàwó mi ń rọbí, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, àwọn ò kúrò lórí ẹní ìkírun títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi tí mo wà nílé ìwòsàn lóru náà ò gbọ́ ọ rí.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ oríkì orílẹ̀ o. Ọmọ Ọ̀fà ni wá. Bí màámi bá ń kí ọmọ mi pé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", àwọn kan a rò pé ibẹ̀ ni Àjàní ti wá. Rárá. Àjàní wà n'Íbàdàn, ó wà l'Óṣogbo. Ti ọmọ fúnra rẹ̀ ni. Orílẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń jẹ.

Oríkì tó orúkọ í jẹ́. Odolaye Àrẹ̀mú àti Jaigbade Àlàó, àwọn àgbà eléré dàdàkúàdà Ìlọrin, oríkì ni Àrẹ̀mú àti Àlàó tí ayé fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ má bèèrè lọ́jọ́ ìkómọ, ariwo ti pọ̀ jù. Àárọ̀ ló dáa, nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn ìkíni. Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ tó wá kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Ti bàbá mi ló kàn báyìí. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó wà l'Ọ́fà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, mò ń lọ bá wọn ní Sátidé.