Ẹnu iwin mi ò pé
Lóru àná, kọ́míìkì mi ni mo ń yà, ti iwin méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Ọ̀kan ga fíofío, ẹnu mẹ́ta ló ní. Èkejì ò ju ológbò lọ, àmọ́ òun gan-an ló ń jẹ èèyàn. Mo fi ẹ̀rù pa mọ́ sẹ́yìn ojú ìwé, àfi kéèyàn ṣí i. Àbúrò mi ṣí i: ẹnu là gbàǹgbà, ẹ̀jẹ̀ ń kán tó, tó, iwin ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wo eyín yìí, ó ń ro mí."

Àbúrò mi pariwo, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú! Ló bá nawọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu méjì péré lẹ yà níbí."

Mo kà á. Méjì ni lóòótọ́. Èmi ni ayàwòrán, èmi ni olóòtú. Ta ni mo fẹ́ bá jà?