Ohun tí fíìmù Femme là mí lójú sí lẹ́yìn tí wọ́n lù mí

Ẹ̀yin tí wọ́n ti lù rí torí pé ọkùnrin bíi tiyín lẹ fẹ́ràn, ẹ má dá wo fíìmù Femme. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan jókòó tì yín.

London ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Sam H. Freeman àti Ng Choon Ping ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní 2023. Jules, adúláwọ̀ tó máa ń múra bí obìnrin ṣeré lórí ìtàgé, lọ ra sìgá. Preston lù ú bí ẹni máa kú, ó sì bọ́ ọ sí ìhòòhò ní títì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pa fíìmù náà, kí n tó padà wò ó tán.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ yẹn ni mi ò lè wò, àwọn ọ̀rẹ́ Preston tó dúró tì í ni. Lálẹ́ tí wọ́n lu èmi náà ní ibùdókọ̀ ní London yìí, kíá ni ẹni tó lù mí ti ṣe tiẹ̀ tán. Àwọn tó ń wòran ni kò lọ. Ẹnìkan na fóònù sí mi. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀ mí lójú, mo ń fọwọ́ táràrà wá ẹsẹ̀ bàtà mi kan, kò sẹ́ni tó bá mi wá a. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, àfi bíi pé èmi ni mo fẹ́ ṣe ọmọ náà léṣe. Ìyẹn ṣì ń dùn mí ju ojú ọgbẹ́ lọ. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìmúra mi ló fà á: jíìnsì àti kóòtù ni mo wọ̀. Ká tiẹ̀ ní yẹ̀rì ni, ta ló ní kó lù mí?

Mo pe ọlọ́pàá, mo pe Galop, àwọn tó ń dúró ti irú wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni pé ẹ má fi àṣírí gbẹ̀san. Jules tún pàdé Preston níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wá ara wọn, Preston ò dá a mọ̀. Òun náà ń fẹ́ ọkùnrin, ìbẹ̀rù ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Ni Jules bá ń wá bó ṣe máa ká fídíò àwọn méjèèjì, kó lè tú u sáyé. Ó yé mi, ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí Preston ń bẹ̀rù ni àwa náà bẹ̀rù nígbà tí a wà lábẹ́ òrùlé bàbá wa. Tí a bá fi nà án, a ti gbà nìyẹn pé ohun ìtìjú ni. Láti 2015 sì ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti lè gbéèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní England àti Wales. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹni tó lù yín.

Ẹ má sì ti ara yín mọ́lé bíi ti Jules. Tẹ́ ẹ bá wà ní England tàbí Wales, ẹ lọ bá ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé torí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ni wọ́n ṣe lù yín, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí adájọ́ fi ìyẹn kún ìyà ẹni náà. Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, ìjà ìgboro lásán ni wọ́n máa pè é.