Mo dán OptiPlex àtijọ́ wò pẹ̀lú gémù lónìí

Sátidé. Iná dúró dáadáa, ni mo bá jókòó ti Dell OptiPlex 7010 tí mo ti ń tún ṣe látọjọ́ yìí. Tòkunbọ̀ ni, láti Computer Village n'Íkẹjà. Core i5-3470 ló wà nínú rẹ̀, prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí Intel gbé jáde lọ́dún 2012: kọ́ọ̀ mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, 3.2 GHz, tó máa ń sáré dé 3.6 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà yìí fún. Mo gbà pé ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Káàdì GTX 1050 Ti, tó ń ya àwòrán gémù, ni mo fi sí i. Ọmọkùnrin tó ń tajà fẹ́ kí n gbé èyí tó lágbára jù ú lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ló máa gbé gbogbo gémù fún yín.” Mo yẹ ara káàdì náà wò, mo rí ihò wáyà iná onípíìnì mẹ́fà, mo dá a padà fún un. Pówà páàkì 275 watt ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, kò sì ní wáyà tí a lè kì bọ ibẹ̀. 1050 Ti tí mo mú kì í gbà ju watt 75 lọ, inú ihò tí mo ki káàdì náà bọ̀ ló sì ti ń fa gbogbo iná rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí irú kọ̀ǹpútà yìí dìde, pówà páàkì ni kó kọ́kọ́ wò kó tó náwó sórí káàdì.

Mo tún fi SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, sínú rẹ̀. Windows ń tètè ṣí, gémù ń tètè ṣí, ṣùgbọ́n kò fi fréèmù kankan kún un, ìyẹn iye àwòrán tí gémù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

GTA V ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àyẹ̀wò tiẹ̀ wà nínú gémù náà fúnra rẹ̀. Mo tan MSI Afterburner, ètò tó ń ka fréèmù àti bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n lè máa rí òǹkà lójú ìbòjú. Ní 1080p, ìpíndọ́gba rẹ̀ ju fréèmù 60 lọ, inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí mo wakọ̀ wọ àárín ìlú, ó ń kọsẹ̀. Mo wo òǹkà: kọ́ọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kún dé góńgó, káàdì kò sì rí iṣẹ́ tó tó ṣe. Prósẹ́sọ̀ ló ń darí gbogbo èrò àti ọkọ̀ ojú títì, káàdì wá jókòó bí ẹni tó gbé àwo dání tí ọlọ́bẹ̀ kò tíì dá lóhùn.

Ìpíndọ́gba kò ní fi èyí hàn ọ́. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún, fréèmù kan ní 60 ń gba bíi 16.7 nínú rẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá lọ gba 50, ojú á rí i, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, ìpíndọ́gba kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fréèmù tó lọ́ra jù. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Nínú ètò gémù náà, mo dín Population Density (iye èrò àti ọkọ̀) kù, mo sì pa Extended Distance Scaling (bí ohun tó jìnnà ṣe ń hàn tó). Mi ò fọwọ́ kan texture, ìyẹn àwòrán ara àwọn nǹkan, torí káàdì ló ń ru ìyẹn. Ìkọsẹ̀ náà dínkù.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni RAM. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹyọ kan ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, 8GB DDR3-1600, tí kò lè kó ju 12.8GB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ki ìkejì rẹ̀ bọ ihò tó bá a mu, ọ̀nà náà di méjì, agbára rẹ̀ di 25.6GB. Àárín ìlú yẹn kan náà, ọkọ̀ yẹn kan náà, ó sì ń lọ geerege. Ìpíndọ́gba kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè; àwọn fréèmù tó lọ́ra ló gbéra nílẹ̀. Nínú gbogbo owó tí mo ná sórí ẹ̀rọ yìí, ti RAM kejì ló kéré jù, òun ni mo sì rí èrè rẹ̀ jù.

Àbúrò mi gba Counter-Strike 2 (CS2), gémù ìbọn, ṣe lálẹ́. Ó ń lọ dáadáa títí tí èéfín àti ìbọn fi pọ̀, prósẹ́sọ̀ tún kún. Ohun kan tún wà tí owó kò lè tún ṣe lórí ẹ̀rọ yìí: prósẹ́sọ̀ rẹ̀ kò ní AVX2, àkójọ àṣẹ kan tó dé pẹ̀lú Haswell, ìran prósẹ́sọ̀ Intel tó tẹ̀ lé e, lọ́dún 2013, àwọn gémù tuntun kan kò sì ní ṣí láìsí i.

Fún àwọn gémù tó ṣì ń ṣí, prósẹ́sọ̀ i7-3770 ló kù tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ojú ihò kan náà ni, LGA1155, watt 77 kan náà, ṣùgbọ́n ó lè gba iṣẹ́ mẹ́jọ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ọ̀kan, kí wọ́n má sì mú èyí tó ní K lẹ́yìn wá, torí K yẹn wà fún ẹni tó fẹ́ fi kún eré prósẹ́sọ̀, ẹ̀rọ yìí kò sì ní jẹ́ kí n ṣe é.