Mak Cik ní ẹ̀yà wo ni màmá mi

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé Mak Cik ní Gombak, lẹ́yìn ìlú Kuala Lumpur, ni wọ́n bi mí nínú ilé ìdáná bóyá gbogbo ará ilé wa ló ń kírun. (Mak Cik ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá tó ìyá ẹni níbẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ni mo gbà, lẹ́yìn tí onílé mẹ́ta ti gbọ́ pé ará Áfíríkà ni mí, tí yàrá wọn sì kún lójijì.) Mo ní bàbá mi ń kírun, ará Ìwó ni wọ́n. Màmá mi kì í kírun ní tiwọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ. Ata ni Mak Cik ń gún lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọmọ odó sílẹ̀.

"Habis tu, mak kamu bangsa apa?" Ẹ̀yà wo wá ni ìyá rẹ?

Mo ní Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ìbéèrè yẹn tó yé mi. Ní Malaysia, ìwé òfin ilẹ̀ ló sọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ̀yà Malay. Abala 160 ní ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, tó ń sọ èdè Malay lójoojúmọ́, tó sì ń tẹ̀lé àṣà Malay. Ẹni tó bá gba Ìsìláàmù, àwọn àgbà a máa ní ó ti "masuk Melayu", ó ti wọ inú Malay, bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó sì wọlé.

Mo yẹ ara mi wò. Ẹ̀sìn, mo ní in. Èdè, mo ti ń ná ẹja lọ́jà Chow Kit láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Àṣà, mo ti mọ̀ pé àtàńpàkò ni wọ́n fi ń júwe nǹkan, pé ìka tó tẹ̀ lé e ń bú èèyàn ni. Ó wá ku ẹyọ kan: kí ìran rẹ ti wà nílẹ̀ yẹn nígbà tí wọ́n gba òmìnira, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1957. Bàbá bàbá mi wà nínú oko kòkó lọ́jọ́ yẹn. Mo jáwọ́.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Abala 153 fún Malay àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Sabah àti Sarawak ní ipò ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìjà ìgboro tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1969, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ ní 1971 tó fún wọn ní àyè ní yunifásítì, ìpín nínú okòwò, títí dórí ẹ̀dínwó fún ẹni tó ń ra ilé tuntun. UMNO, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Malay, fi ìlérí ààbò yìí di ìjọba mú láti òmìnira títí di 2018, kí ọ̀rọ̀ owó ìjọba tí wọ́n kó jẹ nínú àjọ 1MDB tó gbé wọn ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ọba ló kọ́kọ́ pa èmi àti Mak Cik pọ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní ọba ìdílé. Láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń yan olórí orílẹ̀-èdè fún ọdún márùn-ún, ó ń kárí bí oyè ṣe ń kárí ìdílé ọlọ́mọọba lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í sì í ní ọba kú. Mangkat ni. Mo ní tiwa ń wàjà ni. Mak Cik pe "wàjà" lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. (Oyè Datuk, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Ó pọ̀ bí Olóyè lóde ìnáwó.)

Ọmọ Kelantan ni Mak Cik. Ẹgbẹ́ òṣèlú PAS, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Mùsùlùmí, ló ń ṣèjọba níbẹ̀ láti 1990. Ní 1991 wọ́n fòfin de Mak Yong, eré àtijọ́ tí obìnrin ti ń ṣe ọba, tí wọ́n ń ta gòjé rebab sí, tí wọ́n sì tún ń fi wo aláìsàn. UNESCO gbé e ga ní 2005. Ní 2019 ni wọ́n tú òfin náà, bí eré náà bá ti bá Ṣàríà mu. Mak Cik ní òfin yẹn dára, iṣẹ́ ẹ̀mí àìrí ni eré náà. Àmọ́ tí wọ́n bá ń bó àlùbọ́sà, tí wọn ò mọ̀ pé mo ti dé, orin Mak Yong ni wọ́n ń kùn. Tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn dáadáa: bàbá mi kì í wo egúngún, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ìdílé wọn, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé pé ẹ̀sìn ti jẹ àṣà Malay tán, wọn ò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ìbò oṣù Kọkànlá 2022 dé, àsíá bo gbogbo afárá Gombak: aláwọ̀ ewé olóṣùpá ti PAS, aláwọ̀ aró olóṣùwọ̀n ti ìjọba àtijọ́. Azmin Ali, tó ti ń ṣojú Gombak láti 2008, pàdánù fún Amirudin Shari. Mak Cik wọkọ̀ lọ dìbò ní Kelantan, ibẹ̀ ni orúkọ wọn wà. Alẹ́ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ kejì ìbò, ni wọ́n dé, pẹ̀lú yíǹkì lórí ìka àti ìgò budu méjì, omi ẹja tó ń rùn gan-an. Kò sí ẹgbẹ́ tó rí ìjókòó tó láti dá ìjọba gbé kalẹ̀; ó di ọjọ́ 24 oṣù náà kí ọba tó fi Anwar Ibrahim jẹ olórí ìjọba. Mo bi wọ́n lẹ́ni tí wọ́n dìbò fún.

"Rahsia." Àṣírí ni.

Fóònù mi dún. Màmá mi ni, pẹ̀lú fídíò. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ́dọ̀ wa, méjì ọ̀sán ní Ìwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀, gèlè ṣì wà lórí, Bíbélì wà lórí itan. Mak Cik tẹ orí bọ iwájú fóònù: "Assalamualaikum."

Mi ò tíì lanu túmọ̀ rẹ̀. "Wa alaikumu salaam, màá! Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o!"

Mak Cik kọjú sí mi. "Eh! Mak kamu dah masuk Melayu?"

Màmá mi ń béèrè nínú fóònù pé kí ni wọ́n wí.