“Ẹ Má Wulẹ̀ Wá Lónìí Mọ́, Màmá”

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, wákàtí 12 lóòjọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ náà kì í dúró sójú kan. Bí aláìsàn kò bá pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọn a máa fóònù mi ní aago márùn-ún ìdájí pé kí n má wulẹ̀ wá, owó ọjọ́ náà yóò sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo máa ń ráhùn gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí n kò rí nígbà náà ni pé, kí n tó padà sùn, èmi náà á ti gbé fóònù, n ó sì sọ fún ìyá tó ń bá wa tọ́jú ọmọ pé, “Ẹ má wulẹ̀ wá lónìí mọ́, Màmá.” N kì í san kọ́bọ̀ fún ọjọ́ náà.

Náánì ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n Màmá ni à ń pè wọ́n nínú ilé, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Fún oṣù mẹ́ta wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti ń wọ bàtà láti máa lọ, wọ́n ní, “Ìyá Tọ́lá, ìdílé kan fẹ́ gbà mí fún ọjọ́ Ẹtì, mo ní n kò ráyè nítorí tìrẹ. Ìwọ náà wá ní kí n má wá mọ́. Ṣé kí n máa jókòó sílé ni?” N kò rí èsì fún wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa ohun tí mo ń pè ní wákàtí àdéhùn. Òun ni iye wákàtí tí ìdílé ṣèlérí láti san owó rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìgbà tí náánì bá ti múra tán láti ṣiṣẹ́, yálà ìdílé náà lò ó tàbí wọn kò lò ó. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi dandan lé e. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣàdéhùn ló kù sí. Àmọ́ ní Montgomery County tí à ń gbé, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìwé àdéhùn lọ òṣìṣẹ́ inú ilé tó bá ń ṣe tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Èmi kò fi ìwé kankan lọ Màmá. Ojú ló ń tì mí, ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ pe ẹni tó ń pọn ọmọ mi lẹ́jọ́. Nígbà tí mo wá gbé ìwé náà síwájú wọn, ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Màmá ń dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, wọ́n sì ń lọ ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 45 lálẹ́. Wákàtí 13 àti ààbọ̀ nìyẹn lójúmọ́, wákàtí 40 àti ààbọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. A fi àdéhùn sí wákàtí 40, ní 20 dọ́là fún wákàtí kan, èyí tó jẹ́ 800 dọ́là lọ́sẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí tó lé jẹ́ 15 dọ́là, nítorí pé láti ọdún 1974 ni òfin àpapọ̀ ti mú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé wọ inú àwọn tí a gbọ́dọ̀ san owó iṣẹ́ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀ fún lórí ohun tó bá ju wákàtí 40 lọ. Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ìdílé tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ kò sí lára wọn nínú òfin àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ New York ti fún àwọn náà ní tiwọn lẹ́yìn wákàtí 44 láti ọdún 2010.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣìnà ni pé a fẹ́ kó wákàtí pamọ́ bí owó èésú. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé, bí Màmá bá ṣe wákàtí 27 lọ́sẹ̀ yìí, kí n gbé 13 tó kù sórí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìfi owó kún un. Kò ṣeé ṣe. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lójú òfin. Bí wọ́n bá ṣe wákàtí 53 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, 1,205 dọ́là ni owó wọn, láìka 800 tí mo ti san lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sí. Owó orí Social Security àti Medicare, ìyẹn ti owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, tí èmi àti wọn ń san ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wà lórí owó ọjọ́ tí wọn kò wá pẹ̀lú.

Ohun tí mo rí gbà ní tèmi ni pé àwọn ọjọ́ lè yí padà. Ọjọ́ tí ètò iṣẹ́ mi bá jáde ni mo ń fi í ránṣẹ́ sí wọn. Bí ìyípadà bá dé láàárín ọjọ́ méjì sí ọjọ́ iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀. Ọjọ́ Àìkú kò sí nínú rẹ̀ rárá, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni kò lè wá, inú ọjọ́ ìsinmi wọn ni a ti ń yọ ọ́.

Oṣù Kejìlá ló dùn mí jù. A lọ sí Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì san 2,400 dọ́là fún ẹni tí kò gbé ọmọ kankan. Ọkọ mi ka owó náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwa la ní tíkẹ́ẹ̀tì, àwa la sì fẹ́ bá wọn níbi iṣẹ́ bí a bá padà dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Tọ́lá yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 40 kò sì ní bá a mu mọ́. Mo ti sọ fún Màmá láti ìsinsìnyí kí wọ́n lè wá ibòmíràn kún un. Wọ́n ní àwọn kò lè gbà kó kéré sí wákàtí 25. 20 ni èmi ń wò. A kò tíì parí rẹ̀.